Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Fi Tú Ilé Àwọn Ayálégbé Ká

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde báyìí. Kì í ṣe pé mo nígboyà ju ti àná lọ, àsìkò ló ń tán lọ. Dókítà tó ń tọ́jú mi kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní kíndìnrín mi ti kọṣẹ́, kí n lọ ṣètò ohun tí mo bá fẹ́ ṣètò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ràn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ gba àsìkò lọ́wọ́ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka èyí mọ̀ mí sí lọ́yà tí kì í pẹ́ dé kóòtù, tí kì í jẹ́ kí iná ọ́fíìsì máa tàn lásán, tí ń fi ẹ̀yìn bébà kọ̀wé kó tó mú tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ṣọ́ bébà lò yìí fi ilé ọ̀pọ̀ ìdílé ṣòfò, ilé tí wọ́n bímọ sí, tí wọ́n dàgbà sí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ojú mi là kedere, ara mi sì dá ṣáṣá. Àwọn tí mo ṣe é sí kò mọ̀ títí di òní. Ẹnì kan ṣoṣo ló fura, mo sì pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ ó rí i pé nínú ìwé yìí, ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó dàgbà tó, ‘ó’ ni n ó máa pè é, n kò ní pè é ní ‘wọ́n’. Kì í ṣe àfojúdi. Ìyá mi tó bí mi náà, ‘ó’ ni n ó pè é. Bí ẹ bá kà á débi kan, ẹ ó mọ ohun tó lé mi kúrò nídìí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ yẹn.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ òfin kò ní ọgbà, kò sì ní gbọ̀ngàn. Inú àpòòwé ló wà. Mo ń ṣe akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń ta bíríkì, ẹ̀kọ́ á wá láti ọ̀nà jíjìn, n ó kà á, n ó kọ ìdáhùn, n ó sì dá a padà. Ìyá mi tí kò mọ̀wé ló ń gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹlòmíràn. Òun ló ń lá sítáǹpù. Mo ní kó fi omi rẹ ẹ́, ó kọ̀. Ó ní omi kì í mú un dáadáa, pé itọ́ ìyá ni kì í tú. Báyìí ni mo ṣe di lọ́yà. Ọ̀gá kan tó dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀ gbà mí síṣẹ́, ó ní òun fẹ́ràn ẹni tó jìyà kó tó mọ nǹkan. Mo gbà á gbọ́. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo sì ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni Ẹnudùn dé. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀, gbogbo kóòtù ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Yunifásítì ńlá ló ti wá, mo sì jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ẹnu rẹ̀ dùn lóòótọ́, n ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó lè sọ fún adájọ́ pé òjò ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń mú ganrínganrín, adájọ́ á sì máa wá agbòjò. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ ìtàn sítáǹpù ìyá mi, ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ló sì sọ mí ní Lọ́yà Onísítáǹpù. Akọ̀wé gbọ́ ọ, awakọ̀ gbọ́ ọ, ó wá di pé bí mo bá wọlé láàárọ̀, ẹnìkan á fi ìkúùkù lu tábìlì gbàù bí ẹni ń tẹ òǹtẹ̀ sórí lẹ́tà. Mo fara dà á. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rín kì í fọ́ eegun.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi wá kí mi ní ọ́fíìsì. Ó wọ bàtà tó máa ń wọ̀ lọ síbi pàtàkì, ó sì jókòó sétí àga bí ẹni tí kò fẹ́ kó dọ̀tí. Ẹnudùn dìde, ó tẹrí ba, ó ní, “Ìyá wa, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé òótọ́ ni pé ahọ́n yín lẹ fi sọ ẹ̀gbọ́n wa di lọ́yà?” Ìyá mi ní, “Ahọ́n báwo, ọmọ mi?” Ó ní, “Ti sítáǹpù ni, màmá.” Ojú ìyá mi tàn. Ó rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí. Ó ní, “Èmi ni o! Èmi ni mo lá gbogbo ẹ̀ pátá. Ìgbà míì, ahọ́n mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ èrìgì.” Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ di ògiri mú. Ọ̀gá pàápàá tó ń kọjá lọ dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi bá wọn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì ń kú lọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo sìn ín dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ṣé mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ ni?” Mo ní rárá. Kò wá sí ọ́fíìsì mi mọ́ títí tó fi kú.

Ẹ má rò pé mo kígbe. Èmi kì í fi ìbínú ṣòfò. Ẹni tó bá kígbe ti ná tirẹ̀ tán. Mo kó tèmi pamọ́, mo ń pọ́n ọn bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ, mo sì ń kí Ẹnudùn “Ẹ káàárọ̀” tẹ̀rín-tẹ̀rín, èmi tí mo jù ú lọ. Ó rò pé mo ti gbàgbé. Bí mo bá ti rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí, bàtà ìyá mi ni mò ń rí.

Ọjọ́ mi dé nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé kan ń wá lọ́yà. Ilé alájà púpọ̀ ni wọ́n ń gbé, ògbólógbòó ilé tó yí àgbàlá kan ká. Onílé ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ lé gbogbo wọn jáde kí wọ́n lè ta ilẹ̀ náà fún ilé-iṣẹ́ kan. Ẹgbẹ́ náà ní kí ọ́fíìsì mẹ́ta wá fara hàn níwájú ìgbìmọ̀, kí ìgbìmọ̀ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò gbèjà wọn. Wọ́n ní èdè tí gbogbo àwọn gbọ́ ni kí a fi sọ̀rọ̀, pé àwọn kò fẹ́ gírámà. Ọ̀gá pe èmi àti Ẹnudùn wọlé. Eékún rẹ̀ kò fẹ́ gbé e mọ́ nígbà yẹn. Ó ní, “Ẹ gbọ́, ó ti rẹ̀ mí. Iṣẹ́ yìí máa gbé wa dúró, mo sì fẹ́ fi ọ́fíìsì yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tó o. Ẹnudùn, ìwọ lo máa sọ̀rọ̀. Bí o bá gba iṣẹ́ náà wá, àga yìí di tìẹ.” Ó wá yíjú sí mi. “Ìwọ lo mọ bí a ṣe ń múra sílẹ̀. Kọ́ ọ dáadáa. Ohun tí wọ́n máa bi í, kó ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó débẹ̀.” Mo ní, “Ó dáa, sà.” Ẹ kíyè sí i: èmi tí mo ṣáájú, èmi ni kí n tẹ́ àga fún ẹni tó fi ìyá mi ṣẹ̀sín.

N kò ní fi ohun kan pamọ́ fún yín, nítorí òun ló jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ mi wúwo. Ẹnudùn ló yẹ àwọn ènìyàn yẹn. Ẹjọ́ ilé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti dá ìdílé tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ padà sínú ilé wọn rí, kí ọbẹ̀ wọn tó tutù. Nínú ọ́fíìsì méjì tó kù, ọ̀kan kò mọ̀ ju ẹjọ́ ẹrù ọkọ̀ ojú omi lọ. Èkejì ní orúkọ ńlá àti kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ṣùgbọ́n lọ́yà tí wọ́n rán wá lónìí kọ́ ni wọ́n máa rán lọ́la, mo sì ti rí i tí adájọ́ pe ẹjọ́ wọn tí kò sí ẹni tó dáhùn. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Mo mọ̀ pé bí a kò bá gba iṣẹ́ náà, ilé yẹn lọ.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo lọ wo ibẹ̀ kí ìmúrasílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà mú mi kiri. Páìpù ń jò ní àjà kejì, garawa wà lábẹ́ rẹ̀, ògiri sì ti hu ewédò. Mo bi í pé ta ló ń tún un ṣe. Ó ní, “Wọ́n-Ń-Bọ̀ ni.” Mo ní, “Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Àwọn tó dúró lórí àtẹ̀gùn rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì, òun náà ló sì ń darí ìgbìmọ̀, ló là á yé mi. Ó ní, “Bàbá, ọ́fíìsì onílé nìyẹn. Páìpù jò, o lọ sọ, akọ̀wé wọn á ní ‘Wọ́n ń bọ̀.’ Òrùlé lọ, ‘Wọ́n ń bọ̀.’ Iná bọ́, ‘Wọ́n máa wá wò ó.’ Ta ni ‘wọ́n’? Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ibí, n ò tíì fojú kan ‘wọ́n’ rí.” Télọ̀ kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ní, “Tí ọmọ mi kò bá tíì ṣe iṣẹ́ ilé, ohun tó ń sọ fún mi nìyẹn. ‘Bàbá, wọ́n ń bọ̀.’” Màmá Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹni tó bá tún sọ ‘wọ́n’ sí mi létí, omi garawa yìí ni n ó dà lé e lórí. Ẹnì kan là ń wá. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa dúró níwájú wa tó máa sọ pé ‘èmi’, tí màá rí ojú rẹ̀, tí màá mọ ilẹ̀kùn tí màá kàn.”

Ohun tó máa gba iṣẹ́ náà fún wa nìyẹn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúpẹ́, mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kí n tó dé ìsàlẹ̀, mo ti rí i pé ohun kan náà ló lè pa Ẹnudùn. Ìdùnnú tó dé sí mi lórí àtẹ̀gùn yẹn, mo tijú láti sọ bó ṣe pọ̀ tó. N kò ronú kan ẹni kankan nínú ilé náà. Garawa, páìpù, ewédò ara ògiri, gbogbo rẹ̀ ti kúrò lójú mi.

A ń ṣe ìdánrawò nínú yàrá ìwé. Lọ́yà kékeré kan, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mo ń pè ní Àbúrò, ló jókòó bí ìgbìmọ̀, ó ń béèrè ọ̀rọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, “Ta ló máa dúró fún wa ní kóòtù?” Ẹnudùn kò tilẹ̀ ronú. Ó ní, “Èmi ni. Èmi fúnra mi. Ẹ ó máa rí ojú mi títí ojú mi á fi sú yín.” Àbúrò pàtẹ́wọ́. Ìdáhùn tó pé ni, kò sí ohun tí a lè fi kún un. Ẹ̀yin ará, ẹnu rẹ̀ ni ìgbàlà àwọn ènìyàn yẹn ti kọ́kọ́ jáde, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi bò ó mọ́lẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù lu tábìlì. Mo ní, “Èmi, èmi, èmi! Ṣé ìwọ lo ni ọ́fíìsì ni? Àgbàlagbà ni wọ́n. Ìyá tó ń darí wọn le. Bí o bá ń ṣe èmi-èmi níwájú rẹ̀, ìgbéraga ló máa gbọ́. Ọ̀gá ni kó o fi ṣáájú. Má sì pe ọ̀gá ní ‘ó’ bí o ti máa ń ṣe nígbà míì, ojú á tì wá. Sọ pé, ‘Wọ́n máa dúró fún yín.’” Ó họ orí rẹ̀. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ló máa ṣe é ni?” Mo ní, “Ìwọ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ló máa gbé ọ wọlé. Iṣẹ́ lo máa ṣe tó o bá wọlé tán.” Ó gbà. Ó fẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ pé òun bu ọlá fún un. Ojúkòkòrò àga yẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún mi.

Ojoojúmọ́ la ṣe é. Bí ‘èmi’ bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, pẹ́ńsù á dún. Ó dé ibi kan, ‘èmi’ kò bọ́ mọ́. Bí Àbúrò bá bi í pé, “Bí wọ́n bá wá fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ńkọ́?” á ní, “Ẹ pe ọ́fíìsì wa, màmá, wọ́n á dá yín lóhùn.” Mo ní, “Dáadáa.” Àbúrò gbé orí sókè. Nígbà tí Ẹnudùn jáde, Àbúrò sún mọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. ‘Wọ́n’ yìí ti ń pọ̀ jù. Mi ò mọ ẹni tó ń sọ mọ́. Tó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n fẹ́ lé jáde nílé, ọkàn mi ò ní balẹ̀.” Mo wò ó. Ọmọ náà lóye, ó sì ń sọ òótọ́. Mo ní, “Ṣé èmi ló yẹ kí o kọ́ ní iṣẹ́, àbí èmi ni n ó sọ fún ọ̀gá bóyá kí ó jẹ́ kí o máa ṣiṣẹ́ lọ tàbí kí ó dá ọ padà sílé?” Ó ní, “Rárá, sà, mi ò sọ bẹ́ẹ̀.” Láti ọjọ́ yẹn, ó ń ka ìbéèrè rẹ̀ láìgbé ojú sókè. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kọ́ ni. Èmi ni mo fi oúnjẹ rẹ̀ dí i lẹ́nu.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé náà, Ẹnudùn gbé tíì wá bá mi nídìí tábìlì. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe gudugudu méje fún mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ẹnu mi máa ń yọ̀ sí yín jù.” Nǹkan kan rọ̀ nínú mi, mo fi Ọlọ́run búra, ó rọ̀. Mo ti ya ẹnu láti sọ fún un pé, gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ, lọ sọ ‘èmi’. Ó bá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, “Ẹ ṣáà má fi sítáǹpù lẹ̀ mí lẹ́nu lọ́la o!” Mo pa ẹnu mi dé. Mo mu tíì náà tán, n kì í da nǹkan nù.

Yàrá ìpàdé àwọn ayálégbé ni wọ́n ti gba èmi, Ẹnudùn àti Àbúrò, ní ìsàlẹ̀ ilé náà, àga oníkẹ̀kẹ́ kan wà ní kọ̀rọ̀ àti ìjókòó onípákó fún àwa àlejò. Màmá Nọ́ọ̀sì jókòó láàárín, Télọ̀ àti Bíríkìlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnudùn kí wọn, ó sọ nípa àwọn ẹjọ́ tó ti ṣe, ojú wọn ń mọ́lẹ̀. Bíríkìlà ń mi orí. Màmá Nọ́ọ̀sì wá ní, “Ó dáa, ọmọ mi. Ta ló máa dúró fún wa ní kóòtù?” Ẹnudùn ní, “Ọ̀gá wa ni, màmá. Wọ́n máa dúró fún yín.” Télọ̀ wo Bíríkìlà. Màmá ní, “Ta ni ‘wọ́n’?” “Ọ̀gá wa, màmá.” “Ọ̀gá yín dà?” “Wọn ò lè wá lónìí, ara wọn ò yá.” Télọ̀ ní, “Hẹ̀n-ẹ́n. Wọn ò lè wá.” Màmá Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. Ó ní, “Ká ní wọ́n wá fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mi láàárọ̀. Ta ni n ó pè?” “Ẹ pe ọ́fíìsì wa, màmá, wọ́n á dá yín lóhùn.” Télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bi wọ́n. Sà, bí a bá pè, ṣé ẹnìkan ń bọ̀?” Ẹnudùn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀.”

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Bíríkìlà fi fìlà bo ojú. Ẹnudùn bá wọn rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n fẹ́ràn òun, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú rẹ̀. Mo ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ tó kú rí. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ká ọwọ́ mi pọ̀, mo sì jẹ gbogbo rẹ̀ bí oúnjẹ. Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀, ìyẹn náà ì bá burú tó. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù kò tíì ṣẹlẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ jókòó tí ẹ ò sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ wá wo ilé wa. Ẹ mọ ohun tá à ń wá. Ọmọkùnrin yìí wù mí, mi ò ní tàn yín. Ẹ̀yin ni màá bi, ohun tí ẹ bá sọ ni màá gbà. Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló máa dúró tì wá?” Ẹnudùn yíjú sí mi, Àbúrò yíjú sí mi. Ohun tó yẹ kí n sọ ni, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, màmá, òun ni.’ Kò ju ìyẹn lọ. Ọmọ ọdún méjì lè sọ ọ́. Ó fún mi ní ilé gbogbo wọn lọ́wọ́, ó ní kí n ṣe é bó ṣe wù mí. Mo ronú kan ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí mo sin ìyá mi dé. Mo ní, “Màmá, ohun tí wọ́n bá pinnu ni.”

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, “Ẹ ṣeun. Ẹ máa lọ ire.”

Ọ́fíìsì oníkápẹ́ẹ̀tì tó nípọn ni wọ́n yàn. Lọ́yà tí wọ́n rán lọ síbẹ̀ sọ pé ‘èmi ni’, ó sì purọ́. Ọ̀gá wa gbé ìbínú ka Ẹnudùn lórí. Ẹnudùn kó ẹrù rẹ̀, ó wá dágbére fún mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo dójú tì yín. Gbogbo bí ẹ ṣe kọ́ mi tó, mo ṣì bà á jẹ́.” Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, mo sì jẹ́ kó bọ̀ mí. Ọ̀gá gbé àga náà fún mi. Orí rẹ̀ ni mo jókòó títí àìsàn fi gbé mi kúrò.

Nígbà tí ẹjọ́ àwọn ayálégbé dé ojú rẹ̀, adájọ́ pe orúkọ lọ́yà wọn, kò sí ẹni tó dáhùn. Wọ́n dájọ́ láìgbọ́ tẹnu wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lé wọn jáde, mo lọ síbẹ̀. N kò mọ ohun tí mò ń wá. Télọ̀ ń di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ orí ọmọlanke, kò gbójú sókè. Màmá Nọ́ọ̀sì ti gbé ibùsùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì ti tẹ́ ẹ, ó fa aṣọ rẹ̀ le, ó ká igun rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ká a ní ọsibítù, bí ẹni ń dúró de aláìsàn tí wọ́n fẹ́ gbé wá. Ó rí mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ wá kí wa ni?” Mo ní mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Ọmọkùnrin yẹn, mo máa ń rántí rẹ̀. Ká ní ẹ ti sọ fún mi pé òun ni, òun ni n bá mú. Àbí òun kọ́ ni?” Mo dáhùn pé, “N kò lè sọ, màmá.” Irọ́ kejì nìyẹn, ibùsùn rẹ̀ sì wà láàárín wa lójú títì. Ó ní, “Ó dáa,” ó sì tún fa igun aṣọ náà le.

Mo gbọ́ pé Màmá Nọ́ọ̀sì wà ní pálọ̀ ọmọ rẹ̀ báyìí, lórí àga gígùn. Ẹnudùn lọ sí ìlú mìíràn, kò pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tún gbé e dìde. Ó ń ṣe dáadáa ju bí mo ti ṣe rí lọ. Ìgbẹ̀san mi kò dúró lára rẹ̀ ju bí eruku ṣe ń dúró lára bàtà lọ. Ara àwọn tí kò ṣẹ̀ mí ló lẹ̀ mọ́.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó le jù, kí ẹ má baà rò pé ikú ti sọ mí di ẹni mímọ́. N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ẹnudùn. Bí òun nìkan bá ṣubú, n bá ti gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, n bá sì sùn dáadáa. Mo ṣì kórìíra rẹ̀. Bí mo bá di ojú, mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà fún mi, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lọ́yà kéékèèké, nígbà tí ẹ bá jókòó láti múra ẹnìkan sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí ẹ ò rí, tí kọ́kọ́rọ́ ilé wọn wà lórí tábìlì yín. Ẹni tó bá ń bínú, kó kúrò nínú iṣẹ́ náà kó lọ bá ẹni tó ń bínú sí jà ní gbangba. Ká ní mo ti gbá Ẹnudùn létí lọ́jọ́ tí ìyá mi wá, wọn ì bá lé mi níṣẹ́, kò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò, ìwọ náà, mo pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Mo ṣí i fún ọ báyìí. Ohun tí o mọ̀, sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti bi ọ́.

Ẹ̀yin ayálégbé, Màmá Nọ́ọ̀sì, Télọ̀, Bíríkìlà, àti àwọn tí n kò mọ̀, èmi ni mo ṣe é. Kò sí ẹlòmíràn. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè. Bí ẹ kò bá lè, ẹ má purọ́ fún mi nítorí pé mò ń kú lọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀.